Àwòrán Tí Tìófílù Lẹ̀ Mọ́ Géètì Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú Tìófílù Ògúnrìndé ń dùn ni àbí ó ń bàjẹ́, kó má wulẹ̀ wo ojú ẹ̀. Ojú yẹn ò sọ nǹkan kan fẹ́nì kan rí. Ojú bí ìlẹ̀kùn báǹkì lọ́jọ́ Àìkú ni. Ẹ̀yìn bébà owó iná ni kó lọ wò, tàbí ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ara páálí bàtà. Ibẹ̀ ni Tìófílù ti ń bá ayé sọ̀rọ̀. Bíírò dúdú kan, bébà funfun kan, ó parí. Bí ìlà ẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun orí ọmọ tuntun, ara tù ú nìyẹn. Bó bá ti ń fi bíírò gún bébà bí ẹni ń gún iyán, tí bébà ti ń lu, kí ìyàwó ẹ̀ tètè wábi gbà. Inú ń bí ọkùnrin náà.

Theophilus ni àlùfáà pè é lọ́jọ́ tó ṣàmì fún un, àmọ́ ẹnu àwọn ará Ìtòkò, níbi tí wọ́n bí i sí, ò lè gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gé e kù sí Tìófílù, ó sì bá a mu. Adigbe ló kọ́lé sí. Ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ l'Ékòó ló ń bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun ṣì wà lágbede méjì orí ẹ̀. Bí wọ́n bá wọn ilẹ̀ tán, òun ló ń yà á sórí bébà: ibi tí odò gbà, ibi tí ọ̀nà gbà, ibi tí ti Lágbájá parí sí tí ti Tàmẹ̀dù bẹ̀rẹ̀. Kí àkùkọ àdúgbò tó rántí iṣẹ́ ẹ̀, Tìófílù ti wà lójú ọ̀nà Èkó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń wọ̀, àwọn tó kù á máa sọ̀rọ̀ ìjọba, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á máa bú ìyàwó oníyàwó. Tìófílù á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa ya etí ẹni tó wà níwájú ẹ̀. Etí nìkan ṣá. Bí ọlọ́pàá bá tú àpò ẹ̀ wò lọ́jọ́ kan pẹ́nrẹ́n, wọn ì bá tì í mọ́lé: etí, etí, etí.

Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe, ó fún un ní Harriet. Tíṣà ni Harriet, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹnu ẹ̀ ò sì mọ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí Tìófílù ń wá a, odindi oṣù mẹ́fà ni kò fi sọ ju "ẹ káàsán" lọ. Lọ́jọ́ kan ó ki àpòòwé kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sá lọ. Harriet tú u, ó bá ọwọ́ méjì nínú ẹ̀. Ọwọ́ òun gan-an, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì láàárín ìka, àti eékánná kan tó kán. Kò sí "mo nífẹ̀ẹ́ ẹ" níbẹ̀, kò sí "adúmáadán".

Ìyá Harriet gba bébà náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ẹni tó ya ọwọ́ ọmọ mi yìí, ṣé ó fẹ́ gé e ni?"

"Màmá, ẹ wo eékánná yẹn," Harriet wí. "Èmi tí mo ni ín, mi ò mọ̀ pé ó kán. Ẹni tó ń wò mí tó báyìí, ẹ jẹ́ n fẹ́ ẹ ná."

Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọkọ ẹ̀. Ìgbà kan tó lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà n'Ílọrin fún ọjọ́ mẹ́ta, ó padà dé bá àwòrán àga ara ẹ̀ lórí tábìlì. Àga òfìfo, tí òjìji ẹ̀ gùn ju àga lọ. Harriet fi í há inú Bíbélì, kò fi han ẹnì kan. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń pè ní "bébì" láàárọ̀ tí kì í tètè wálé, ẹ rọra máa fi Tìófílù rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin wọn, Àràmídé, ra ọ̀dà aláràbarà fún un nígbà ọjọ́ ìbí kan, oríṣi mẹ́rìnlélógún nínú agolo kan ṣoṣo. Tìófílù dúpẹ́, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Àwọ̀ a máa ṣe ojú ayé," ó ní. "Dúdú àti funfun ò mọ̀ ọ́n díbọ́n."

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó sọ lọ́dún náà nìyẹn. Harriet kọ déètì ẹ̀ sílẹ̀.

Nǹkan náà ti pẹ́ lára ẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá ẹ̀ kú n'Ítòkò. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Priscilla, tó ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń yí nílẹ̀, ó ń ké, àwọn àgbà ń dì í mú. Tìófílù wọ ilé ìdáná lọ, ó mú èédú kan. Ògiri iwájú ilé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn nítorí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá sin òkú, ibẹ̀ ló ya bàtà bàbá ẹ̀ sí, ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tóbi bí èèyàn. Ìyá wọn gbé pàṣán jáde. Ó wo ògiri títí. Pàṣán bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú bàtà yẹn. Nígbà tí àwọn ẹbí ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, àwọn jọ máa rí i. Òjò ló padà fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Priscilla, kò sì jẹ́ kó tán nínú ẹ̀. "Èmi ni mo pọnmi tí wọ́n fi po ẹfun. Èmi ni mo sunkún títí ohùn mi fi há. Ẹnikẹ́ni ò jókòó níwájú mi." Títí ó fi di ìyálọ́mọ ló ń sọ ọ́.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn àbúrò ẹ̀ o. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Tìófílù dàgbà. Àmọ́ obìnrin náà ò mọ ìfẹ́ kankan tí kò lómi nínú. Ó sunkún níbi ìgbéyàwó, ó sunkún níbi ìkómọ, ó sunkún lọ́jọ́ tí àgbébọ̀ ẹ̀ kú. Kọ́bapẹ́ ló wá ń gbé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nínú ilé kan tó kọjú sí títì márosẹ̀. Ìyá Àánú ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àánú fúnra ẹ̀ wà ní Kánádà, ibi tí èèyàn ò ti lè sáré wálé.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá wọn kú ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Lójú kòtò, wọ́n ní kí ọmọkùnrin bu erùpẹ̀. Tìófílù bù ú, ó dà á, ojú ẹ̀ gbẹ bí ètè nígbà ọyẹ́. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Nígbà tó yá, wọ́n wá a, wọn ò rí i. Priscilla ló bá a lẹ́yìnkùlé, ó jókòó lórí àpótí, ìwé ètò ìsìnkú wà lórí eékún ẹ̀. Ó ti fi bíírò kun ẹ̀yìn ìwé náà dúdú kirikiri, bíírò kan ti tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ èkejì. Kò sí funfun kankan tó kù lára ẹ̀ ju ibì kékeré kan bí ẹyọ ẹ̀wà.

Àtùpà ni. Nígbà tí Tìófílù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ Èkó tó ń bọ̀, ìyá ẹ̀ máa ń gbé àtùpà sójú fèrèsé títí á fi dé. Gbogbo ayé ṣókùnkùn, ibì kan ṣoṣo ló mọ́lẹ̀. Ohun tó wà nínú bébà yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún Priscilla? Òun tó yà á kọ́, ẹnu ẹ̀ ti wọlé lọ.

"Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀, ìwọ wá síbí wá ṣeré ọmọdé?"

"Sìsí mi..."

"Kí lèyí? Ìdí ìkòkò?"

Priscilla já bébà náà gbà, ó fà á ya sí méjì, ó fà á ya sí mẹ́rin. "Gbọ́ o. Ọjọ́ tí o bá sunkún ìyá mi, kí n fojú ara mi rí omi lójú ẹ, ọjọ́ yẹn ni kó o tẹ ẹnu ọ̀nà mi ní Kọ́bapẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò lábùúrò."

Àwọn èèyàn rò pé inú ló ń bí i, pé tó bá di ọjọ́ kẹjọ á rọlẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ di ọdún kan, ọdún kan di mẹ́ta. Harriet lọ bẹ̀ ẹ́. Àlùfáà lọ bẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà Ìtòkò lọ, wọ́n jẹun níbẹ̀, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n padà wálé lásán. Èsì kan náà ló ń fún gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí. Ojú ẹ̀ ló ṣẹ̀ mí. Kí ojú ẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀."

Ọkùnrin yẹn gbìyànjú o, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Harriet wọ kíṣìnnì, ó bá a níbi tó ti ń gé àlùbọ́sà. Kò sí ọbẹ̀ lórí iná. Àlùbọ́sà keje ló wà lórí pátákó, ojú Tìófílù pọ́n bí ata, kò sí ẹ̀kán omi kan.

"Bàbá Àràmídé, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Tìófílù mú àlùbọ́sà kẹjọ.

"Ká tiẹ̀ ní ó jáde, ṣé ẹ máa ru àlùbọ́sà dé Kọ́bapẹ́ ni? Àbí inú ìgò lẹ fẹ́ gbé omi ojú náà lọ?" Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó wá jókòó. "Ẹ̀yin méjì péré lẹ kù tí ẹ jọ mu ọmú kan náà. Bí ọ̀kan bá lọ báyìí láìjẹ́ pé ẹ sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Tìófílù dìde. Ó lọ mú bébà ńlá kan tó nípọn tó gbé bọ̀ láti ọ́fíìsì, ó gbé yíńkì dúdú sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje ló fi yà á, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Bébà mẹ́ta àkọ́kọ́ ló gún ya.

"Ẹ ṣì ń bínú sí wọn," Harriet wí.

"Ẹ̀n."

Nígbà tó di bébà kẹrin, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú Priscilla ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ti inú kùrukùru jáde: gèlè tó ta sẹ́yìn, àlàfo eyín iwájú, ẹnu tó fún pọ̀ bí ẹni fẹ́ bú èèyàn. Ó ya àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpéǹpéjú òsì, níbi tí garawa omi ẹfun ti gé e nígbà tí bàbá wọn kú. Ó ya ìlà iwájú orí ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kankan.

"Ṣé ẹ ò lè dín ìlà orí wọn kù ni?" Harriet bi í.

"Ó wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Obìnrin ni wọ́n o."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, 'Sìsí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.'"

Tìófílù wo àwòrán náà, ó wo ìyàwó ẹ̀, ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀."

Àṣà ọ́fíìsì wọn ni pé tí wọ́n bá ya ilẹ̀ tán, wọ́n á kọ orúkọ onílẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á kọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n parí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọwọ́ ẹ̀ fi ń ṣe é, ọwọ́ ò mọ ìgbà tí wọn ò rán an. Ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gàdàgbà. Ó kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìlà kékeré, ó kọ ọjọ́ tó parí. Ó gbé e síbì kan kó gbẹ.

Lọ́jọ́bọ̀, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó gbé àwòrán lọ sí Kọ́bapẹ́. Nínú mọ́tò, ó ń gbàdúrà méjì pọ̀: kí Sìsí òun wà nílé, kí Sìsí òun má sì sí nílé. Ọlọ́run gbọ́ ìkejì. Àgádágodo ló pàdé lẹ́nu géètì. Ó kanlẹ̀kùn, ó dúró, ó tún kan án. Kò séèyàn. Ó ronú pé kóun gbé e sílẹ̀ lábẹ́ géètì, ló bá rántí ewúrẹ́ Kọ́bapẹ́, àwọn tó ń jẹ páálí jẹ bàtà. Ó rántí eruku àwọn tírélà. Ó rántí òjò. Ó fi àwòrán náà sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ó yọ sẹ́lótéèpù lápò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì níbi tójú á ti ká a, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó rí i pé apá òsì rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó tún un lẹ̀. Ó wá padà sí Adigbe, ara ẹ̀ fúyẹ́, ó lọ sùn.

Ummulkulthum tó ń ta búrẹ́dì lójú títì ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé igbá búrẹ́dì sọ̀ kalẹ̀.

"Sàlàhúdíìnì! Sàlàhúdíìnì o! Ìyá Àánú ti kú!"

Fọkanáísà ni Sàlàhúdíìnì, òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, táyà tírélà ló wà níwájú ẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ni? Wá wò ó lára géètì!"

Sàlàhúdíìnì fò ré títì kọjá. Ó wò ó. Ó ṣí fìlà.

Ẹ má bá wọn wí. Nílẹ̀ wa níbí, tí wọ́n bá lẹ àwòrán àgbàlagbà mọ́ géètì ilé ẹ̀, tó jẹ́ dúdú àti funfun, tí orúkọ wà lábẹ́ ẹ̀, tí ọjọ́ méjì tún wà lábẹ́ orúkọ, ta ni á béèrè pé ṣé ó fẹ́ dupò ni? Ẹni tó ń dupò, aláwọ̀ mèremère ni tiẹ̀, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àánú ò rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan fara balẹ̀ ka ọjọ́ méjèèjì, ìbá ti rí i pé ọ̀sẹ̀ méje péré ni òkú náà lò láyé. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méje tó hewú! Ṣùgbọ́n ta ló máa ń fara balẹ̀ kàwé níbi tí wọ́n ti ń ké?

"Ẹ pe fóònù wọn ná," ẹnì kan wí.

Sàlàhúdíìnì pè é. Fóònù ń dún nínú ilé. Gbogbo wọn ń gbọ́ ọ láti ẹnu géètì, ó ń kọrin ìsìn, ó kọ ọ́ títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ummulkulthum káwọ́ lérí.

Ìyá Àánú ńkọ́? Ó wà l'Ọ́fàdà, koko lára ẹ̀ le, ó ń bá oníràísì jà nítorí òkúta. Ọdọọdún ló ń lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n sè é lójú ẹ̀, kí wọ́n sá a lójú ẹ̀, nítorí kò gbà pé ẹnikẹ́ni láyé yìí lè ṣa ìrẹsì bí òun. Ó gbàgbé fóònù sórí àga.

Sàlàhúdíìnì wá rántí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìjà tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn, láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀, Ìyá Àánú ti fún un ní nọ́ńbà kan. "Àbúrò mi ni. Bí mo bá kú, òun ni kó o kọ́kọ́ pè. Àmọ́ bí mo bá wà láàyè tó o dán an wò, èmi pẹ̀lú ẹ ni."

Nọ́ńbà yẹn ló tẹ̀.

Tìófílù jí lójú oorun, ó gbé fóònù.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ṣé ẹ̀yin ni àbúrò Ìyá Àánú ní Kọ́bapẹ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó ná." Sàlàhúdíìnì wúkọ́, ó tún wúkọ́. "Sà, Màmá ní kí n má pè yín o, tí àwọn bá wà láàyè."

Tìófílù gbé fóònù sí etí kejì.

"Sà," Sàlàhúdíìnì wí, "mo pè yín."

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, nípa géètì, nípa àwòrán, àmọ́ fóònù ti já bọ́ lọ́wọ́ Tìófílù.

Síńgílẹ́ẹ̀tì ló fi jáde, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, èkejì nínú sálúbàtà Harriet. Ó fò sórí ọ̀kadà. Nígbà tí wọ́n já sí ọ̀nà Ṣágámù, ọlọ́kadà gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ara ẹ̀, ó rò pé ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ kọṣẹ́. Ó dín iná kù. Ohùn náà ò dẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí bàbá arúgbó kan tí omi ń dà lójú ẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n.

"Bàbá, ṣé kí n dúró?"

"Sáré!"

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti pé sẹ́nu géètì nígbà tó dé. Kò wòkè, kò wo géètì, kò wo ẹnì kankan. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ilẹ̀ ló gbà á. Ọ̀rọ̀ tí kò sọ láti kékeré bá ya.

"Sìsí mi o! Ẹni tó fi ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe ilé fún mi! Ẹni tó ń fi ẹran tiẹ̀ sínú ọbẹ̀ mi, tó ń purọ́ pé eyín ń dun òun! Ta ló máa bú mi báyìí? Ta ló tún máa bú mi tó máa dùn mọ́ mi nínú? Mo ní mò ń bọ̀, mo ní mò ń bọ̀, èmi ọ̀lẹ, èmi odi! Sìsí mi, ẹ dìde bú mi!"

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ń nu ojú. Ummulkulthum ní òun ò tíì rí ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n sun bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò kan dúró létí títì. Ìyá Àánú sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé àpò ìrẹsì tì í. Ó rí èrò lẹ́nu géètì, kò sì dúró béèrè, ẹkún ló kọ́kọ́ bú sí. "Yéè! Ta ló kú o? Ta ló lọ o?"

Ummulkulthum yíjú, ó rí i. "Lá ìláha illallah!" Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọkọ̀ tírélà kan. Àwọn èrò pín sí méjì. Sàlàhúdíìnì ń sún sẹ́yìn pẹ̀lú pọ́ǹpù lọ́wọ́ bí ẹni gbé ìbọn.

Láàárín ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ yẹn, Ìyá Àánú rí ojú ara ẹ̀ lára géètì. Lẹ́yìn náà ló rí àbúrò ẹ̀ nílẹ̀, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ń gbá orí mọ́ erùpẹ̀, tó ń pe orúkọ òun. Ẹkún obìnrin yẹn dá pẹ́. Ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Àánú fi ìka sétè. Ó wọ́ àpò ìrẹsì sún mọ́ ibẹ̀, ó jókòó lé e, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún òun.

"...ẹni tó fi aṣọ ìjọ́sìn ẹ̀ rán ṣòkòtò ilé ìwé fún mi..."

"Àti bẹ́líìtì," Ìyá Àánú wí.

"...àti bẹ́líìtì..." Tìófílù dá dúró. Ó gbórí sókè. Erùpẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ omi ojú ẹ̀, ó wá dà bí ẹni tí wọ́n fi amọ̀ mọ.

"Sìsí mi."

"Tìófílù."

"Ẹ ti kú."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Tìófílù nàka sí Sàlàhúdíìnì. Sàlàhúdíìnì nàka sí ẹ̀yìn tírélà tí Ummulkulthum wà. Ummulkulthum na ọwọ́ jáde láti ẹ̀yìn tírélà, ó nàka sí géètì. Gbogbo wọn wo géètì. Tìófílù náà wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ tó wò ó láti ìgbà tó ti dé.

"Èmi ni mo yà á," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ̀yin!" Sàlàhúdíìnì ju pọ́ǹpù sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́? Ẹ̀yin náà lẹ tún wá ń sunkún ẹ̀? Ọ̀gá, ẹ wá gba ipò mi!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ wá síwájú, ó gba gbogbo èrò. Àwọn tó ti sunkún jù lọ ló rín jù. Ìyá Àánú ò bá wọn rín. Ó dìde, ó rìn lọ síbi géètì, ó gbé ojú sún mọ́ àwòrán títí imú ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀rá. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka tọ àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpéǹpéjú náà, lẹ́yìn ìyẹn ló fi ìka kan náà tọ ti ara ẹ̀.

"O ò ya eléyìí fínnífínní báyìí ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ méje ni, Sìsí mi."

"O sì ya gbogbo ìlà iwájú orí mi."

Tìófílù gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

"Omi tó wà lójú ẹ yìí," Ìyá Àánú wí láìyíjú padà, "ti ta ni?"

Ẹ̀rín dákẹ́. Gbogbo Kọ́bapẹ́ ló mọ ohun tí obìnrin yìí ti búra. Tìófílù wà lórí eékún ẹ̀. Ó lè purọ́. Irọ́ kékeré kan báyìí, ọ̀rọ̀ á tán.

"Tiyín ni," ó ní.

"Ti Ìyá ni mo ní kó o gbé wá."

"Mo mọ̀, Sìsí mi. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tiyín ni. Nígbà tí mo dé ibi kan lójú ọ̀nà, mo ń pe Ìyá náà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pín in."

Ìyá Àánú yíjú padà. Ó wò ó, láti orí dé sálúbàtà obìnrin tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, ó ń da báàgì rú, ó da nǹkan inú ẹ̀ sílẹ̀: jígí, tọ́ṣì, Bíbélì kékeré.

"Má nù ún o! Tìófílù, má nù ún! Sàlàhúdíìnì, bá mi tan tọ́ṣì síhìn-ín. Kọ́kọ́rọ́ wo lèyí? Má fọwọ́ kan ojú ẹ, jẹ́ kó máa dà!"

"Mi ò nù ún, Sìsí mi."

"Èyí tó kù, ti Ìyá ni. Inú ilé la ti máa sun ún. Kó má gbẹ kí n tó ṣí nǹkan yìí!"

Géètì ṣí. Ó fa àbúrò ẹ̀ lápá wọlé bí ẹni ń gbé omi lọ́wọ́ tí kò fẹ́ kó dànù. Ìlẹ̀kùn pa dé. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń tẹ́tí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹkún méjì jáde láti inú yàrá. Ọ̀kan mọ̀ ọ́n sun, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó ní ibi tó ti ń mí. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, ó ń kọsẹ̀, ó ń sáré ju ẹnìkejì ẹ̀ lọ, ó tún ń dúró dè é.

Ìgbà náà ni Harriet dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Aládùúgbò ló sọ fún un ní Adigbe pé ọkọ ẹ̀ fò sórí ọ̀kadà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, pé Kọ́bapẹ́ ló ń lọ, ó sì ti to gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú sẹ́nu bọ̀. Sàlàhúdíìnì sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ fún un. Harriet wo géètì. Ó tẹ́tí sí ohùn méjèèjì tó wà nínú ilé, ó dá ti ọkọ ẹ̀ mọ̀, ohùn tí kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú náà mì. Ó jókòó sórí àpò ìrẹsì.

"Màmá, ṣé ká bá yín gbé ìrẹsì yìí wọlé ni?" Sàlàhúdíìnì bi í.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná," Harriet wí. "Ọ̀nà wọn ṣì jìn."